Máìkì ń dúró dè ọ́: ìtọ́sọ́nà fún eléré ìdárayá tí kò lè sá fún oníròyìn

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá ní rédíò, wọ́n rán mi lọ síbi ìdíje eré sísá àwọn ọ̀dọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ti gbà pé òun ni yóò gba góòlù, àmọ́ ipò kẹta pàápàá kò rí gbà. Ó jókòó sórí kọnkéré lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń sáré, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi ń retí ohùn kí ìròyìn aago mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀. Mo lóṣòó síwájú ọmọ yìí, mo na rẹ̀kọ́dà sí i lẹ́nu, mo ní, "Báwo ló ṣe rí lára ẹ?" Ó lanu, ohùn ò jáde. Ló bá já nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀, ó fi bojú, ó bú sẹ́kún. Mi ò gbé rẹ̀kọ́dà kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án nínú ẹkún yẹn la gbé sáfẹ́fẹ́, wọ́n sì yìn mí ní ọ́fíìsì pé mo mọṣẹ́. Nígbà tí èmi àti ọmọ náà tún jọ wà ní pápá kan náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹ̀yìn àwọn àga ló gbà kọjá kó má baà pàdé mi.

Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi bọ́ọ̀lù àti eré sísá jẹun ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kojú irú èmi tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn kò ju kókó kan lọ: àdéhùn tí o fọwọ́ sí ra wíwá rẹ, ó ra jíjókòó rẹ, ó ra ìdáhùn díẹ̀ lórí eré tí o ṣe. Kò ra inú rẹ. Bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ síbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ka ohun tí o fọwọ́ sí

Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fi túláàsì múni sọ̀rọ̀. Owó ni. Pátákó tí orúkọ ilé iṣẹ́ kún ojú rẹ̀ bámú, tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn rẹ tí o bá ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan ló sanwó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ra eré náà ra ojú rẹ mọ́ ọn, inú owó yẹn ni wọ́n sì ti ń san tìrẹ. Nítorí náà, má ṣe bá ìdí tó fi wà jà. Lọ wo bó ṣe gùn tó àti ibi tó parí sí.

Torí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Grand Slam, ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì, òfin ní kí ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù dé iwájú oníròyìn láàárín 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré, àfi ẹni tó bá fara pa débi tí kò lè wá. Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ lè tó 20,000 dọ́là. Ní Òlíḿpíìkì, dandan ni kí o gba ibi tí àwọn oníròyìn tò sí kọjá, ibi tí wọ́n ń pè ní mixed zone, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní dandan ni kí o dúró dáhùn.

Marshawn Lynch tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún Seattle kò fẹ́ràn oníròyìn rárá. Ní 2014, NFL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù yẹn, bu ìtanràn 100,000 dọ́là lé e lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di January 2015, ní ọjọ́ tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù Super Bowl, àṣekágbá wọn, gbọ́dọ̀ jókòó fún oníròyìn, ó wá. Ó jókòó. Ìbéèrè yòówù tí wọ́n bi í, ìdáhùn kan náà ló ń fún wọn: torí kí wọ́n má baà bu ìtanràn lé òun lòun ṣe wà níbí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dìde tó lọ. Inú bí èmi náà nígbà tí mo wò ó, mo ní ọkùnrin yìí ń fi iṣẹ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, ojú tí mo fi ń wò ó ti yàtọ̀. Ó ti ka ìwé àdéhùn rẹ̀ ju àwa tó ń bínú lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí ìwọ gan-an lo máa di ìròyìn ọjọ́ náà, ohun tí o sì ń sá fún nìyẹn.

Mú ìwé kan, kí o kọ nǹkan márùn-ún yìí sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn eré ni mo gbọ́dọ̀ yọjú? Ibo? Ìṣẹ́jú mélòó ni màá lò níbẹ̀? Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi bí mi ò bá lọ? Kí ló lè yọ mí kúrò níbẹ̀? Bí gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà bá ta kókó, fún lọ́yà kà. Má fún bàbá ìjọ tàbí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ kó tó di ọ̀rọ̀ ìta

Ọ̀rọ̀ Naomi Osaka, ọmọ Japan tó ń gbá tẹ́níìsì, ló la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sí èyí. Ní May 2021, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje Roland Garros, ọ̀kan nínú Grand Slam, bẹ̀rẹ̀ ní Paris, ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé òun ò ní bá oníròyìn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí ìlera ọpọlọ. Òun ló wà ní ipò kejì lágbàáyé láàárín àwọn obìnrin tó ń gbá tẹ́níìsì nígbà náà. Ní 30 May ó borí nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́, kò lọ síwájú oníròyìn, wọ́n sì bu ìtanràn 15,000 dọ́là lé e. Àwọn alákòóso Grand Slam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pawọ́ pọ̀ kọ̀wé pé bí kò bá yí padà, àwọn lè lé e kúrò nínú ìdíje náà, àwọn sì lè fòfin dè é nínú èyí tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló yọwọ́. Inú ìwé tó fi yọwọ́ ló ti sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá òun fínra láti US Open 2018, ìdíje tó ti na Serena Williams tí èrò ìwòran sì ń hó lé wọn lórí nígbà tí wọ́n ń gbé ife fún un.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po. Ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ló padà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún gbogbo ayé, kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Bó bá jẹ́ orúnkún ló yẹ̀, dókítà ìdíje ì bá kọ ìlà méjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo dá àwọn alákòóso lẹ́bi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé àkókò tí òun yàn kò dára tó, àti pé ọ̀rọ̀ òun ì bá yéni ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kó tó di pé o gbé e sórí Instagram, ẹni mẹ́ta ló yẹ kó ti gbọ́: akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ, aṣojú rẹ, àti ẹni tó ń bójú tó oníròyìn fún ẹgbẹ́ rẹ tàbí fún ìdíje náà. Kọ ọ́ ránṣẹ́, má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ. Báyìí ni èmi àti agbábọ́ọ̀lù kan ṣe kọ tirẹ̀:

"Ẹ káàsán, sà. Mo ti ṣe tán fún eré ọjọ́ Sátidé, mo sì máa gbá a. Àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oorun ò kùn mí dáadáa, dókítà ẹgbẹ́ mọ̀ sí i. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ìpàdé mi pẹ̀lú àwọn oníròyìn má kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìbéèrè dá lórí eré nìkan, kí ẹnìkan láti ẹgbẹ́ sì jókòó tì mí. Bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn fún yín, mo ṣe tán láti gbọ́. Ẹ ṣé, sà."

Nǹkan mẹ́ta tí ènìyàn lè fún un ló béèrè, wọ́n sì fún un ní méjì. Bó bá jẹ́ pé "mi ò sọ̀rọ̀" ló kọ, kò sí ohun tí wọ́n máa rí dù lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà ló kù. O tún lè béèrè pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí o kọ sílẹ̀ dípò, tàbí kí o bá tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù gbà á níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gbogbo rẹ̀, ó kéré tán, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ tó fi hàn pé o sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun tí o máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ṣe

Òógùn ò tíì gbẹ, àyà ṣì ń lù kì-kì-kì, ẹnu sì máa ń yá ju ọpọlọ lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mu omi. Jẹ nǹkan díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó. Pààrọ̀ aṣọ tó tutù lára rẹ. Lẹ́yìn náà, jókòó, fa èémí símú títí o fi máa ka ení dé ẹẹ́rin, tú u jáde títí o fi máa kà á dé ẹẹ́fà. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó lè jọ eré ọmọdé lójú rẹ, àmọ́ àyà rẹ máa rọlẹ̀.

Má fọwọ́ kan fóònù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yún ọ. Gbé e fún ẹnìkan kó o tó wọ pápá, kó má fún ọ títí o fi máa kúrò níwájú oníròyìn. Ẹni tó bá lọ ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ tó sì tibẹ̀ wọ yàrá ìpàdé, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa lọ dá lóhùn.

Bí inú bá ń bí ọ, tú u jáde nínú yàrá ìmúra, fún ẹni tí o fọkàn tán. Bú rẹfirí bó bá ṣe wù ọ́, ní Yorùbá, ní ohùn òkè, ṣùgbọ́n kí ó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbóná mọ́ tó bá fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì. Kí o tó wọlé, bi ẹni tó ń bójú tó oníròyìn léèrè: kí ni wọ́n ti ń bi àwọn tó ṣáájú mi? Ó máa sọ fún ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gbólóhùn mẹ́ta, àti pańpẹ́ tí a máa ń dẹ

Jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ mi àtijọ́. Oníròyìn tó jókòó níwájú rẹ kì í sábà kórìíra rẹ. Ó ní aago tó ń lé e, ó ní ọ̀gá, ó sì nílò gbólóhùn kan tó máa fi ṣe àkọlé. Bó bá rí i gbà láti ẹnu rẹ, ó ti yó. Bí kò bá rí i, ojú rẹ ló máa wò, kó lè kọ ọ́ pé "inú rẹ̀ bàjẹ́ gidi".

Nítorí náà, gbé gbólóhùn mẹ́ta wọlé. Àkọ́kọ́, ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ nínú eré. Èkejì, ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíì: alátakò rẹ tàbí ẹni tí ẹ jọ gbá. Ẹ̀kẹta, ohun tó kàn. Mo tẹnu mọ́ "pàtó" o. Gólì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ gba mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ kan. Tẹ́lẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé "a ṣe gbogbo ohun tá a lè ṣe, Ọlọ́run ò tíì fẹ́", wọ́n á sì tún gbá a mú pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́wàá. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní: "Bọ́ọ̀lù kejì yẹn, ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ gbé, ó yẹ kó jẹ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo máa fi yí padà, ó ti kọjá lára mi." Gbogbo yàrá dákẹ́, wọ́n ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tún bi í bó ṣe rí lára rẹ̀, torí ó ti fún wọn ní ohun tó dùn ju ẹkún lọ.

Ní ti pańpẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ràn jù nígbà ayé mi. O máa dáhùn tán, èmi á kàn máa wò ọ́, màá mi orí díẹ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ara rẹ á máa gún ọ, o á wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀rọ̀ tí o fi kún un yẹn ni mo wá. Tí o bá ti dáhùn tán, pa ẹnu dé. Jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo lórí ẹni tó dá a sílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n fi sínú ìbéèrè. "Ṣé o gbà pé o já àwọn ọmọ Nàìjíríà kulẹ̀?" Bí o bá dáhùn pé "Rárá, mi ò já wọn kulẹ̀", o ti kọ àkọlé ìwé ìròyìn ọ̀la fún wọn. Má tún ọ̀rọ̀ náà pè. Sọ pé: "A fẹ́ borí, a ò borí. Ní ìṣẹ́jú 70 ni eré bọ́ lọ́wọ́ wa."

Ẹ̀kẹta, kò sí ohun tó ń jẹ́ "ẹ má gbé èyí jáde o". Bí máìkì bá wà nínú yàrá, ó ń gbọ́.

Ìbéèrè tó bá wọ ilé rẹ, ìgbéyàwó rẹ, ìyá rẹ tó ń ṣàìsàn, o lè kọ̀ ọ́ láìbínú. Kọ́ gbólóhùn yìí sórí bí o ṣe mọ orúkọ rẹ: "Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lónìí. Tó bá jẹ́ ti eré, mo wà ńlẹ̀." Tí wọ́n bá tún un bi, tún un sọ, bí o ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn.

Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ dáhùn bíi Giannis Antetokounmpo. (Adétòkunbọ̀ ni o, àwọn ará Gíríìsì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.) Ní April 2023, Miami lé ẹgbẹ́ rẹ̀, Milwaukee Bucks, kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) ti Amẹ́ríkà, oníròyìn kan wá bi í bóyá ìkùnà ni ọdún náà. Ó kọ́kọ́ sọ orí kọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní irú ìbéèrè yìí náà lo bi mí lọ́dún tó kọjá. Ó wá bi oníròyìn náà bóyá ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ṣé bí wọn ò bá gbé e ga, ìkùnà ni gbogbo iṣẹ́ ọdún náà? Ó ní Michael Jordan fi ọdún 15 gbá bọ́ọ̀lù, ó gba ife mẹ́fà, ṣé ìkùnà ni ọdún mẹ́sàn-án yòókù? Ìdáhùn náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ní kí àwọn ọmọ wò ni ìmí tó mí kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti gba ife NBA lè da ìbéèrè padà sí oníròyìn, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, wọ́n lè ní o rí wọn fín. Ìmí yẹn nìkan ni kí o kọ́kọ́ jí mú lára rẹ̀.

Tí o bá sì rò pé ẹni tó pàdánù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, rántí Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde wa. Ní 24 July 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà (hurdles) ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ẹnikẹ́ni ò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tó fi gba góòlù. Kí wọ́n tó jẹ́ kó mí, Michael Johnson, ẹni tó ti gba góòlù Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mẹrin, ti ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé bóyá aago tí wọ́n fi ka eré ọjọ́ náà ni kò péye. Nítorí náà, gbé gbólóhùn mẹ́ta rẹ wọlé lọ́jọ́ tí o borí pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí omijé bá dé

Ẹkún kì í ṣe ìtìjú. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìtìjú ni kí o wà níbẹ̀ láìmọ bí o ṣe máa jáde. Ìwọ àti ẹni tó ń bójú tó oníròyìn, ẹ jọ mú àmì kan ṣáájú: kí o dorí ike omi kodò, tàbí kí o fọwọ́ kan etí. Tó bá ti rí i, òun ni yóò sọ pé ìbéèrè ti tó. Bí kò bá sí ẹnìkan, fúnra rẹ sọ pé, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," kí o dìde jáde. Ìdí tí mo fi ní kí o dìde ni pé kámẹ́rà kò lè ya ojú ẹni tó ti kẹ̀yìn sí i.

Ní August 2021, ní Cincinnati, nígbà tí Osaka kọ́kọ́ padà jókòó nínú ìpàdé oníròyìn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Paris, ìbéèrè kan pa á lẹ́kún. Ẹni tó ń darí ìpàdé dá a dúró, Osaka jáde lọ fún ìgbà díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó padà wá parí rẹ̀. O lè padà. O sì lè má padà, ìyẹn náà wà lábẹ́ ìdí tí o fi kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Alẹ́ ọjọ́ náà

Má ka nǹkan kan. Má wo fọ́nrán ara rẹ. Nígbà tí Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù pẹ́nárítì ní àṣekágbá Euro ní Wembley ní 11 July 2021, ọmọ ọdún 19 ni, èébú àwọ̀ dúdú sì kún ojú ìwé Instagram rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kó tó fọhùn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí ẹlòmíì mú ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ìkànnì rẹ dání fún ọjọ́ mẹ́ta. Jẹun, wẹ̀, sùn. Bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, ìyá àgbà dára gan-an fún èyí. Tèmi máa ń béèrè bóyá wọ́n fún wa lóúnjẹ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Bó bá ti kọjá ọ̀rọ̀ oníròyìn

Kí àyà ènìyàn já kó tó kojú máìkì, ara ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí o kò rí oorun sùn tàbí tí o kàn ń sùn ṣáá, tí oúnjẹ ò wù ọ́, tí eré tí o fẹ́ràn láti kékeré kò dùn mọ́ ọ mọ́, tí o ń rò ó pé o ò wúlò, ó ti kúrò ní ohun tí ìtọ́sọ́nà tèmi lè tún ṣe. Dókítà ló kàn. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé ikú sàn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sọ fún ẹnìkan, kí o má dá wà, kí wọ́n mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń takókó nílé wa. Bí mo bá sọ fún ìyá eléré kan pé kí ọmọ rẹ̀ lọ rí dókítà ọpọlọ, ohun tó máa gbọ́ ni Arò, ẹni tó máa rí lọ́kàn sì ni wèrè tó ń rìn ní ìhòòhò nínú ọjà. Agbábọ́ọ̀lù kan fẹnu ara rẹ̀ sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ pé òun ò gbádùn ọkàn òun, ọ̀gá yẹn ní, "Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?" gbogbo yàrá ìmúra sì bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin gbáko ló kọjá kí ọmọ náà tó tún la ẹnu.

Arò tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n kàn máa wá gba ìtọ́jú. Lónìí, ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, tàbí sí ti Yaba, tàbí UCH ní Ìbàdàn, ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń bá lọ, wọ́n á sì padà sílé lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yàtọ̀ sí wèrè.

O kò jẹ oníròyìn ní gbèsè àìsàn rẹ. Tó bá wù ọ́ láti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ìwọ ni kí o mú ọjọ́ náà. Kevin Love ti NBA, ní November 2017 ni àyà rẹ̀ ń já débi tó fi sá kúrò nínú eré tó ń lọ lọ́wọ́. March 2018 ló tó kọ ọ́ síta, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Délé Alli náà, agbábọ́ọ̀lù, ti ti ibi ìtọ́jú dé kó tó jókòó ti Gary Neville, tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ní July 2023, tí Alli sì sọ ohun tí ojú òun rí ní kékeré àti oògùn oorun tó di bárakú fún un. Kò sí nínú wọn tó sọ ọ́ ní alẹ́ tí wọ́n pàdánù, níwájú ọgbọ̀n máìkì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ṣíbí ṣe máìkì

Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ má jẹ́ kó dá dá oníròyìn lóhùn. Ní 1995, oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà bi Venus Williams, ọmọ ọdún 14 tó ń gbá tẹ́níìsì, bóyá ó dá a lójú pé òun á na ẹni tó fẹ́ kojú. Ọmọ náà ní ó dá òun lójú. Oníròyìn náà tún bi í, ó tún ń wá ìdí tó fi dá a lójú. Bàbá rẹ̀, Richard, wọ inú kámẹ́rà, ó ní ọmọ ti dáhùn, kí ló dé tó ń fa iyèméjì sí i nínú, ẹ fi í sílẹ̀, ọmọdé ni. Ọdún 26 lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Osaka, wọ́n bi Venus léèrè bí òun ṣe ń fara da oníròyìn. Ó ní òun mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú àwọn tó ń bi òun ní ìbéèrè tó lè gbá tẹ́níìsì bí òun, wọn ò sì ní lè gbá a bẹ́ẹ̀ láé. Mo gbà pé ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wọ inú kámẹ́rà yẹn ló ti ń kọ́ ìdáhùn náà.

Nílé, ẹ gbé àga kan sí iwájú tábìlì, kí ọmọ jókòó. Kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó lẹ́nu jù mú ṣíbí dání bíi máìkì. Ìbéèrè márùn-ún: méjì nípa eré, ọ̀kan tó ní ọ̀rọ̀ burúkú nínú, ọ̀kan nípa ilé, ọ̀kan tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Kí ẹnìkan dákẹ́ máa wò ó lẹ́yìn ìdáhùn kẹta, kí ẹ rí bóyá ó máa fi nǹkan kún un. Kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe máa dìde, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Kó ní, "Ẹ ṣé, ó dàbọ̀ o," kó ti àga sẹ́yìn, kó máa lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan máa pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, pé ìbéèrè kan péré ló kù. Èmi ni mo máa ń pè bẹ́ẹ̀. Kó má wẹ̀yìn.